Bàbá àti Lékeléke Ẹsẹ̀ Mi

Bàbá àgbà mi kì í tú ẹranko sílẹ̀ láì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ì báà jẹ́ ẹyẹ tí apá rẹ̀ ti san, ì báà jẹ́ ìjàpá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti jiná, Bàbá á kúnlẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, wọ́n á ní, "Má bínú." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó ṣí àgò. Àwa ọmọ ilé á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Èmi ni mo máa ń bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é ni?" Wọ́n á ní, "Ẹnìkan ló ṣá ṣe é."

Wọ́n ti lọ báyìí. Àárọ̀ ni wọ́n kú, a sì ti sin wọ́n kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, bí ẹ̀sìn wa ṣe là á kalẹ̀. Sàlíù ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni kí n kọ nǹkan nípa wọn, nítorí ìwé kíkọ ni mo ń ṣe jẹun ní ọ́fíìsì wa ní Garki. Mo rò pé yóò rọrùn. Kí ló ṣòro nínú ọ̀rọ̀ bàbá àgbà tó fẹ́ràn ẹranko? Ṣùgbọ́n orí mi ti dàrú láti ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ wọn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa wọn ṣì wà lọ́kàn mi, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa tò ó mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi Bàbá hàn yín bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, kí n tó sọ ohun tó dà mí láàmú.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, iṣẹ́ títo eegun sì ni iṣẹ́ agboolé wọn láti ìran dé ìran. Dádì ló lọ kó Bàbá àti Ìyá àgbà wá sí ilé wa ní Jikwoyi nígbà tí ojú Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Bàbá kò kọ́kọ́ fẹ́ràn Abuja. Wọ́n ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti wá láti ibòmíràn, ta lèèyàn fẹ́ bi léèrè ọ̀nà? Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń kí wọn. "Sànnu, Baba," ni àwọn ará ilé kejì á wí, Bàbá á sì dáhùn pé, "Yauwa." Yauwa yẹn nìkan ni Hausa tí wọ́n gbọ́, òun ni wọ́n sì fi ń dáhùn gbogbo nǹkan, títí kan ìbéèrè nípa ibi tí ewúrẹ́ ẹni tó ń bi wọ́n gbà lọ. Ìka wọn nípọn bí ìka alágbẹ̀dẹ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fi kàn ọ́ lára, o ò ní mọ ìgbà tí wọ́n dé ibi tó ń dùn ọ́.

Mo máa ń jókòó tì wọ́n kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn fún mi. Ohun tí wọ́n sọ nípa adìẹ kò kúrò lọ́kàn mi rí. Ní agboolé wọn, bí wọ́n bá gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán dé, wọ́n á mú adìẹ kan, wọ́n á dá òun náà lẹ́sẹ̀ níbi kan náà. Ọparun tí wọ́n fi di èèyàn ni wọ́n á fi di adìẹ, òrí tí wọ́n fi pa ẹsẹ̀ èèyàn ni wọ́n á fi pa tirẹ̀. Ọjọ́ tí adìẹ náà bá dìde tó rìn, ọjọ́ náà ni wọ́n á tú èèyàn náà sílẹ̀. "Adìẹ ni kàlẹ́ńdà wa," ni Bàbá wí. Mo bi wọ́n pé bí adìẹ náà bá wá kú ńkọ́, ṣé ẹni náà á kú ni? Wọ́n ń fi èékánná kan yọ ìdọ̀tí kúrò nínú èkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "A kì í jẹ́ kó kú."

Ẹranko pọ̀ nílé wa débi pé Mọ́mì kò lè gba àlejò láì kọ́kọ́ yẹ abẹ́ àga wò. Awọ́dì kan wà tí wáyà iná gbá ní Karmo. Ọ̀rẹ́ Dádì tó ń ṣiṣẹ́ iná ló fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé e wá fún Bàbá. Ilé ìwẹ̀ ni wọ́n fi í sí, nítorí ìyẹn nìkan ni yàrá tó ní ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa. Ẹran inú ọbẹ̀ wa ló ń jẹ. A ń gbé omi lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé bí ẹni tó sá ogun.

"Bàbá, ilé ìwẹ̀ wa ti di ilé awọ́dì o," ni Mọ́mì ń wí.

"Àlejò ni, Ìyá Sàlíù. Ó máa lọ."

Ọjọ́ kan ni awọ́dì yìí ya Bàbá lápá, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ọwọ́ wọn. Gbogbo wa pariwo, Bàbá nìkan ni kò bínú. Wọ́n ní ẹ fi í sílẹ̀, ó mọ àwọn ni. Mo ní, "Bàbá, kò mọ̀ yín. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dé." Wọ́n ń fi omi iyọ̀ fọ apá wọn. Wọ́n ní, "Irú mi ló mọ̀."

Ìjàpá ńkọ́? Katakata tó ń la ọ̀nà síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun lọ́nà Karshi ló gun èyí lẹ́yìn, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ sì là. Bàbá gbé e sínú àpò ìrẹsì, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ bá dókítà ẹranko kan ní Garki. Ọmọbìnrin ni dókítà náà, kò ju ọmọ-ọmọ wọn lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n Bàbá jókòó síwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé kéú, wọ́n ń mi orí sí gbogbo ohun tó wí. Ó ní kí wọ́n má fi ewé kankan sí i, kí wọ́n kàn máa fi omi tó ti hó tó sì ti tutù fọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an nìyẹn. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan nínú bọ́ọ̀sì yọjú wo àpò náà tó ní, "Alájì, ẹran yìí á mà dùn ní pẹpẹsúùpù o." Ẹ̀rín sọ nínú bọ́ọ̀sì. Bàbá fa ẹnu àpò náà pọ̀. "Aláìsàn ni," ni wọ́n wí. "Ẹ má sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ níwájú aláìsàn."

Ìjà kan náà ni Bàbá àti Dádì máa ń jà, ó kàn ń yí aṣọ pa dà ni. Àwọn èèyàn mọ̀ pé ato-eegun ni Bàbá, wọ́n á gbé ẹni tó fi ẹsẹ̀ rọ́ níbi bọ́ọ̀lù wá, tàbí ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà. Bàbá á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kí i kú ìrora, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù. Wọn ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kàn án. Ojú máa ń ti Dádì. Mo gbọ́ tí Dádì gbóhùn sókè lọ́jọ́ tí Bàbá dá ọmọ ọ̀rẹ́ Dádì kan pa dà. "Bàbá, àdàbà lẹ ń to eegun rẹ̀ látàárọ̀. Ẹ ò wá lè to ti èèyàn?" Bàbá ń bu oúnjẹ sílẹ̀ fún àdàbà náà lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè. "Mo ti fi èèyàn sílẹ̀," ni wọ́n wí.

Wọn kì í jẹ adìẹ mọ́ pẹ̀lú. A rò pé ọ̀rọ̀ eyín ni. Bí ọdún bá dé, tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò bá gbé ìrẹsì àti adìẹ wá, Bàbá á mú itan adìẹ náà, wọ́n á nawọ́ rẹ̀ sí mi. Kì í ṣe Sàlíù, kì í ṣe Ìyá àgbà, èmi ṣáá ni. Sàlíù máa ń bínú gan-an, ó ní Bàbá ń ṣe ojúsàájú. Èmi máa ń jẹ ẹ́ tìgbéraga-tìgbéraga. "Jẹ ẹ́, Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n máa ń wí, nítorí àwọn nìkan ló ń fi oríkì pè mí, Kúdí ni àwọn yòókù ń pè mí. "Tìrẹ ni."

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi nìyí.

Mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà gbá mi lẹ́bàá títì Jikwoyi, eegun ojúgun mi sì kán. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé mi lọ, wọ́n to eegun náà, wọ́n fi P.O.P. funfun dì mí láti itan dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n kàn jókòó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi nígbà tí a délé, wọ́n ní, "Ẹ ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò burú. Ẹ jẹ́ kí n bójú tó adìẹ rẹ̀."

"Adìẹ wo, Bàbá?" ni Mọ́mì bi wọ́n. Kò pẹ́ tó yé wọn. Mọ́mì kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. A ò ní dá ẹran kankan lẹ́sẹ̀ nínú ilé yìí nítorí ọmọ mi."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí.

Darandaran kan wà tó ń jẹ́ Sálé. Fúlàní ni, ṣùgbọ́n gáà kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju tèmi lọ. Ó máa ń yà kí Bàbá bí ará ilé bí ó bá ń da màlúù kọjá. Òun ló gbé lékeléke kan wá láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Màlúù ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán. Inú Bàbá dùn débi pé wọ́n pariwo. "Ìyá Sàlíù, ẹ wá wò ó o! Èmi kọ́ ni mo dá èyí lẹ́sẹ̀ o!" Kí ni Mọ́mì fẹ́ wí? Bàbá fi ọparun wẹ́ẹ́rẹ́ di ẹsẹ̀ lékeléke, wọ́n gbé àgò rẹ̀ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n sì sọ fún mi pé ọjọ́ tí ẹyẹ yìí bá rìn, èmi náà á rìn. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Tata ni mo fi ń bọ́ ọ. Mo máa ń na èékánná mi sí i láàárọ̀, kó lè fún mi ní funfun rẹ̀ bí àwa ọmọdé ṣe máa ń tọrọ.

Lẹ́yìn náà ni ara mi gbóná. Wọ́n gbé mi pa dà sí ilé ìwòsàn, wọ́n la P.O.P. náà, wọ́n sì rí i pé egbò abẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ọyún. Dókítà ń bá Dádì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn sì bà mí lẹ́rù ju ìrora lọ. Mo gbọ́ "gé". Mo gbọ́ tí Mọ́mì bú sẹ́kún. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ títí ibi tí wọ́n máa gún kò fi sí mọ́, Ọlọ́run sì ṣe é, ẹsẹ̀ náà kò lọ. Nígbà tí mo délé, lékeléke mi wà nínú àgò, ọparun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó tóbi sí i. Mo sọ fún Bàbá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ń jẹun dáadáa." Àwọn gan-an ni kò jẹun. Egungun ọrùn wọn yọ síta.

Ẹyẹ náà rìn. Bàbá tú ọparun rẹ̀ níwájú mi, wọ́n mú ìka mi, wọ́n fi kan ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Kókó kan wà níbẹ̀, kò ju hóró àgbàdo lọ. "Ibi tó ti so pọ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Tìrẹ náà á ní in." Nígbà tí ilé ìwòsàn tú èmi náà sílẹ̀, tí mo ń fi igi tì rìn, Bàbá gbé lékeléke náà lọ sẹ́yìn ilé níbi tí màlúù máa ń gbà. Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ "Má bínú" lẹ́nu wọn, mo sì rò pé wọ́n ń pa mí lẹ́rìn-ín ni. Mo rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ìtàn ẹsẹ̀ mi nìyẹn, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn títí di ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ náà ni Sálé wá kí wa. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó rí mi pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, ó pàtẹ́wọ́.

"Kai! Ìwọ lọmọ ẹlẹ́sẹ̀ yẹn! O ti dàgbà tó báyìí? Èmi ni mo mú àwọn lékeléke rẹ wá."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀kan ṣoṣo ni."

"Méjì ni. Ti àkọ́kọ́ kú, àbí wọn ò sọ fún ọ? Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ pa dà lọ sí ọsibítù ló kú. Háà, mi ò rí ẹ̀rù lára àgbàlagbà bí mo ṣe rí i lára Bàbá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú òmíràn wá kíákíá, kí n má sì ṣe é léṣe rárá. Àwọ̀n ni mo fi mú un. Ara rẹ̀ dá ṣáká."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Méjèèjì ló fi ń ta mí nípàá."

Mo gbé abọ́ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo rántí kókó tó dà bí hóró àgbàdo. Ẹyẹ tí ara rẹ̀ dá ṣáká, níbo ló ti rí kókó?

Ìyá àgbà ni mo kọ́kọ́ lọ bi bóyá Bàbá dá ẹyẹ kejì náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà lórí ẹní. "Ó dì í lásán ni," ni wọ́n wí. "Ṣé o rò pé ọkọ mi lè dá ẹyẹ tó ń fò lẹ́sẹ̀? Ó fi ọparun dì í lásán, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

"Ìyá àgbà, mo fọwọ́ kan kókó náà."

"Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn. Èmi wà níbẹ̀."

Mo fẹ́ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, pẹ̀lú ojú tó ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Mo wo ọwọ́ wọn lórí tẹ̀sùbáà, mo sì lọ bá Dádì.

Dádì kò tiẹ̀ ronú lé e. "Wọ́n dá a lẹ́sẹ̀ ni, kí ni nǹkan míì? Iṣẹ́ wọn ni. Mélòó ni mo rí tí wọ́n dá lẹ́sẹ̀ kí n tó wá sí Abuja! Ìwọ sì ń rìn. Kí lo tún ń wá?"

Mi ò mọ ohun tí mo ń wá. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn ló gba ẹsẹ̀ mi là. Bí Bàbá bá dá ẹyẹ yẹn lẹ́sẹ̀, a jẹ́ pé lásán ni wọ́n ṣe é. Àbí kì í ṣe lásán? Ká ní mo délé nígbà náà tí mo bá àgò lófìfo, ṣé mo máa fẹ́ rìn? Inú ń bí mi sí Bàbá láàárọ̀, ní ọ̀sán mo máa ń rí wọn lẹ́bàá àgò pẹ̀lú ẹyẹ tó ń jà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé mo ń kú lọ ní ilé ìwòsàn, àánú wọn á sì ṣe mí débi tí mo máa sunkún ní ọ́fíìsì. Wọ́n ti ṣèlérí fún Mọ́mì. Ṣé "Mo gbọ́" tiẹ̀ jẹ́ ìlérí? Mo fẹ́ràn wọn, mo sì fẹ́ bá wọn jà, ẹni tí mo sì lè bá jà kò sí nílé mọ́.

Nígbà tí mo wá jókòó láti kọ èyí, mo fẹ́ to àwọn ẹranko náà tẹ̀ lé ara wọn. Mo lọ bá Mọ́mì níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Mọ́mì, awọ́dì ilé ìwẹ̀ yẹn, ìgbà wo ló dé?"

"Lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ."

"Ìjàpá ńkọ́?"

"Ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ni. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ náà ni."

"Ìgbà tí Bàbá ń dá àwọn tí eegun wọn kán pa dà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ẹ ni. Ó yẹ kí o rántí, wọ́n ṣì to ọrùn ọwọ́ Sàlíù kí ọ̀kadà tó gbá ọ."

"Adìẹ tí wọn kì í jẹ?"

Mọ́mì rò ó. "Lẹ́yìn ẹ náà ni."

"Ẹranko wo ló wà nílé wa kí ẹsẹ̀ mi tó kán?"

Ọwọ́ Mọ́mì dúró nínú ẹ̀wà. "Kò sí," ni wọ́n wí. "Kò sí ẹyọ kan."

Láti ọjọ́ náà, mi ò mọ Bàbá tí mò ń kọ nípa rẹ̀ mọ́. Bàbá tó fẹ́ràn ẹranko ni mo mọ̀. Ṣé ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, àbí gbèsè ni wọ́n ń san fún lékeléke kan ṣoṣo? Ó sì tún lè jẹ́ pé Ìyá àgbà ló tọ̀nà, pé ọmọdé tí ara rẹ̀ kò yá ló fọwọ́ kan kókó tí kò sí níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń dá ẹjọ́ náà, lójoojúmọ́ ló ń bọ́ sí ibòmíràn.

Àdàbà kan ló kù sílé lẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò ló fi rọ́bà ta òkò bà á lápá, ìtọ́jú rẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí Bàbá ṣe kẹ́yìn. Dókítà ẹranko tó wà ní Garki yẹ̀ ẹ́ wò fún mi, ó ní apá náà ti so, kí n jẹ́ kó máa lọ. Ní òwúrọ̀ òní, mo gbé àgò náà lọ sẹ́yìn ilé. Àwọn lékeléke wà níbẹ̀ pẹ̀lú màlúù Sálé, wọn ò bìkítà fún wa. Mo fẹ́ kàn ṣí àgò náà ni. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wà nínú erùpẹ̀, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Má bínú."

Mọ́mì ti tẹ̀ lé mi jáde. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín tàbí wọ́n ń sunkún nígbà tí wọ́n ní, "Kúdí, ṣé ìwọ lo ṣe é ni?"

Mo fẹ́ dá wọn lóhùn bí Bàbá ṣe máa ń dáhùn, pé ẹnìkan ló ṣá ṣe é. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ pa ojúgun mi níbi tí kókó tèmi wà, mo sì ṣí àgò.